Omi Tí Oyin Kọ̀

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ kó ara yín jọ sábẹ́ igi ìyeyè mi. Mo kí àgbà tó fi ọ̀pá ti ara, mo kí ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé irọ́ ni àgbà ń pa, síbẹ̀ tí ẹ kò lè ṣe kí ẹ má wá gbọ́ ọ. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Orí-Àpáta, ìlú tí ọkọ́ ti ń kan òkúta kí ó tó kan iyẹ̀pẹ̀. Ẹ bá mi fa àpótí yẹn súnmọ́ ibí, orúnkún mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn, irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò sàn. Ìrìn kan péré ni mo fẹ́ sọ fún yín, òun ló sì mú mi gbé ìbọn kọ́ ara ògiri títí dòní.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ ìyá mi, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀-Odò ló lọ́kọ sí. Ògúnjìnmí ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọdẹ ẹnu lásán; ọfà olóró ló fi ń pa ẹfọ̀n, ẹfọ̀n náà kò sì ní rìn jìnnà tí yóò fi wólẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ọdẹ ìlú náà ṣe ìsípà rẹ̀ bó ti yẹ, wọ́n kó gbogbo ohun ìṣọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, kí òkú má baà padà wá bèèrè wọn nílé. Èmi kò sí níbẹ̀. Ọ̀nà jìn, ìròyìn ikú náà kò tètè bá mi.

Àwẹ̀ró kò bímọ, oyin ló ń sìn. Ó gbé ìkòkò kọ́ igi lẹ́yìn ilé, oyin wọ̀ ọ́, àárọ̀ ni yóò kí wọn, ìrọ̀lẹ́ ni yóò kí wọn. Nígbà tó yá, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí odò fà, tí omi rẹ̀ ku díẹ̀, oyin bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá wọn bí èèpo ẹ̀gúsí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí àyà wọn ń lù kìkìkì, tí àwọn mìíràn sì kú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ọmọ aráyé. Wọ́n wo oyin tó kú, wọ́n wo opó tí kò bímọ, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Baálẹ̀ ní bí ọjọ́ ọjà bá pé, kí wọ́n fi òkò lé e jáde.

Ìròyìn yìí ni mo gbọ́ tí mo fi gbéra; ọjà ku ọ̀la nígbà tí mo dé ibẹ̀.

"Ọdẹ́rìndé, o mà rù o," ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fẹ́ sọ yín lókò lọ́la, rírù mi lẹ ń wò!"

"Kí wá ni kí n ṣe? Ẹkún náà ti sú mi."

Mo lọ sídìí ìkòkò oyin. Ìyá Oyin fúnra rẹ̀ jáde, ó bà sórí ìdí ìbọn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, oyin ń sọ̀rọ̀. Ariwo ẹnu yín ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

"Ọdẹ, ẹ kú àárẹ̀," ó ní.

"Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ."

"Omi ni," ó ní. "Àwa là ń kọ́kọ́ mu ún, àwa là ń kọ́kọ́ kú. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n yín la ń wá kú sí, kó lè rí wa, kó sọ fún ìlú. Ó rí wa, ó sọ. Wọn ò gbọ́."

"Kí ló wà nínú omi ọ̀hún?"

"A ò mọ̀. Òkè odò ló ti ń bọ̀, ìyẹ́ wa ò sì gbé wa débẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fìlà yín gbé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ mi, wọn yóò máa tọ́ omi náà wò fún yín títí ẹ ó fi rí i."

Bí mo ṣe fi fìlà gbé oyin nìyẹn, tí mo ń wọ́ ẹsẹ̀ gòkè odò nínú oòrùn. Níbi tí odò bá ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀, ọ̀kan á fò sílẹ̀, á tọ́ omi wò, á padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, á ní, "Bàbá, ó ṣì wà níbí, ẹ tẹ̀síwájú," á sì kú. Bí a ti ń lọ sókè sí i ni ikú wọn ń yá sí i. Mo kọ́kọ́ ń gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n. Nígbà tó yá ọwọ́ mi kò gbé e mọ́. Èmi tí mo ti pa ẹran tí kò lóǹkà, mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo sunkún nítorí kòkòrò.

Ibẹ̀ ni Ìmàdò ti bá mi. Kò sá, èmi náà kò gbé ìbọn.

"Ọdẹ, yìn ín bó o bá fẹ́ yìn ín," ó ní, "òùngbẹ ò jẹ́ n lè sá. Omi tí oyin bá kọ̀, ìmàdò kì í fẹnu kàn án. Lọ wo ojú ìsun lábẹ́ àràbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ló gbé e wá, orin ni wọ́n ń kọ bọ̀."

Ojú ìsun náà mọ́ gaara, ó dára lójú. Oyin tó kẹ́yìn nínú fìlà mi fò yí i ká, kò bà, ó padà wá sórí mi. Mo ki ọwọ́ mi bọ ẹrẹ̀, mo gbé ìkòkò kan jáde tí etí rẹ̀ ti sán, tí eyín ẹkùn yí i lọ́rùn ká. Ìkòkò oró ọfà Ògúnjìnmí ni, mo mọ eyín ẹkùn yẹn. Ibẹ̀ ló máa ń lúgọ sí de ẹran nígbà ayé rẹ̀. Àwọn ọdẹ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì gbé ohun rẹ̀ síbi tó fẹ́ràn jù.

Mo fi ewé wé e, mo gbé e wálé. Àwẹ̀ró tú ewé, ó rí eyín ẹkùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọdẹ́rìndé, sin ín," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n lé mi. Èmi tí mo wà láàyè, kí wọ́n máa pè mí lájẹ̀ẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n pe ọkọ mi ní ẹni tó pa ọmọ, nínú sàréè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, oró ṣì wà nínú omi náà. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mìíràn yóò mu ún."

Ó bo ojú.

Nígbà tí ọjà pé, tí wọ́n kó òkò lọ́wọ́, mo gbé ìkòkò náà síwájú Baálẹ̀, mo sọ ibi tí mo ti rí i àti ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ìkòkò ta ni?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Baálẹ̀, ọwọ́ tó se oró yìí ti di erùpẹ̀, òun kọ́ ló sì gbé e síbẹ̀. Ẹ bi èjìká tó rù ú."

Olúọdẹ wọn, arúgbó bíi tèmi yìí, rí eyín ẹkùn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Àwẹ̀ró. "Ìyàwó wa, àwa ni," ó ní. "Ìfẹ́ la fi ṣe é." Àwọn tó mú òkò dání rọra ń jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn ara wọn.

Àwẹ̀ró ní òun ò bá wọn gbé mọ́, wọ́n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Baálẹ̀ ní, "Ta ni yóò máa bá wa ṣọ́ omi?"

"Ẹ ní olùṣọ́ tẹ́lẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹsẹ̀ lẹ fi ń tẹ̀ wọ́n kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi."

Ó gbé ìkòkò oyin rẹ̀ rù, a jọ wá sí Orí-Àpáta. Abẹ́ igi yìí ló gbé e kọ́, ibí náà ló dàgbà sí tó fi kú. Kò fi ẹnu rẹ̀ pe Ẹsẹ̀-Odò mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ohun kékeré bá ń kú lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ bèèrè ohun tó mu kí ẹ tó bèèrè ẹni tó pa á. Ẹ máa lọ sílé, ilẹ̀ ń ṣú, ó ti rẹ̀ mí. Bí ẹ bá ń kọjá lọ pọn omi láàárọ̀, ẹ dúró díẹ̀ lábẹ́ ìkòkò yẹn, kí ẹ gbọ́ bóyá oyin inú rẹ̀ ṣì ń hó. Bí wọ́n bá ń hó, ẹ pọn omi yín. Ó dàárọ̀ o.