Ṣììì Tó Gba Ṣọ́ọ̀bù Lọ́wọ́ Gbọ́lágadé

"Ẹni tí kò bá gbọ́ ṣììì nílé, ojú agbo ni yóò ti gbọ́ ọ."

Gbogbo ọmọ Gate n'Íbàdàn ló ń pa òwe yìí. Àmọ́ ẹ bi wọ́n pé kí ni ṣììì, ẹ máa rí i bí wọ́n á ṣe máa wo òkè. Ẹnì kan á ní ejò ni. Ẹlòmíì á ní epo gbígbóná ni. Irọ́ ni! Ọ̀dọ̀ mi ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, torí iwájú pátápátá ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, etí mi yìí, tí èèrà bá húkọ́ ní Mọ́kọ́lá, ó ń gbọ́ ọ.

Gbọ́lágadé ló ṣẹlẹ̀ sí. Róbọ́ọ̀tì tó ń jà ló máa ń ṣe. Ẹ ò ní wọ inú ẹ̀ o; rìmóòtù lẹ máa dì mú, òun á máa bá róbọ́ọ̀tì ẹlòmíì jà nínú àgò onírin. Àgbò ló pe tiẹ̀. Ìwo kan ló wà níwájú ẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú sìlíńdà ló sì ń ti ìwo náà sókè. Tó bá ti ki ìwo bọ abẹ́ ẹ̀rọ ẹlòmíì, tí Gbọ́lágadé tẹ bọ́tìnnì, gbàù! Lọ́jọ́ kan ó ju ọ̀kan sókè, a lọ jẹun, a padà dé, kò tíì balẹ̀.

Lọ́dún yẹn, Bàbá Alága, olórí àwọn mẹkáníìkì, sọ pé ẹni tó bá borí lòun máa fún ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó ṣófo lẹ́bàá títì. Hà! Abẹ́ igi máńgòrò ni Gbọ́lágadé àti Fadérẹra ìyàwó ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òjò tó bá rọ̀, orí wọn ló ń rọ̀ sí. Àwọn ìbejì wọn ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ṣọ́ọ̀bù yẹn, tọkọtaya náà ń lá a lálàá.

Ni Gbọ́lágadé bá ṣe sìlíńdà tuntun fún Àgbò. Ó gé ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tírélà, ó gbẹ́ inú ẹ̀ títí ó fi ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ó ku kí wọ́n di ojú ẹ̀. Iṣẹ́ Fadérẹra nìyẹn. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń gé òrùka rọ́bà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi tépù funfun àwọn plọ́mbà yí ẹnu ẹ̀. Tó bá ti dì í tán, wọ́n á fún afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n á ri í sínú bàsíà omi, wọ́n á pa gbogbo jẹnẹrétọ̀, oníkálukú á panu mọ́. Bó ṣe wà ní Gate nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó bá ń jò, bí ojú ò bá rí i kó máa hó nínú omi, etí á gbọ́ ọ.

Àmọ́ Fadérẹra ti gbé àwọn ìbejì lọ gba abẹ́rẹ́. Gbọ́lágadé ò lè dúró. Ó fi ọ̀bẹ gé sílípáàsì ẹsẹ̀ ẹ̀, ó fi ṣe òrùka rọ́bà, ó de sìlíńdà mọ́ Àgbò lára, ó wá gbé gbohùngbohùn síta, ó ń fi orin pe èrò kí wọ́n wá wo Àgbò. Kí Fadérẹra tó dé, gbogbo Ìbàdàn ti pé síbẹ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń wọkọ̀ bọ̀.

"Bàbá Ìbejì, ta ló di ojú ẹ̀?"

"Èmi ni! Ṣé ìwọ nìkan lo lọ́wọ́ ni?"

"Kí lẹ fi ṣe rọ́bà?"

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìdajì sílípáàsì ló kù níbẹ̀. Ẹ̀rín sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u, ká ri í bọ omi."

"Ìyá Ìbejì, Àgbò kì í ṣe ẹ̀wà tí wọ́n ń rẹ sómi."

"Ó dáa, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti orin yìí kí n fi etí gbọ́ ọ."

"Kí n pa orin? Ta ló kú? Ṣé o ò rí èrò ni?"

Fadérẹra kúnlẹ̀, ó gbé etí lé sìlíńdà. Jẹnẹrétọ̀ ń bú, orin ń dún débi pé eyín mi méjì mì. Ó gbórí sókè, ó kígbe pé, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan o!"

"Ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀!" Gbọ́lágadé yíjú sí èrò. "Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan! Kò jò!"

Àtẹ́wọ́ dún. Ó tẹ bọ́tìnnì, ìwo Àgbò gbá búlọ́ọ̀kù kan, búlọ́ọ̀kù fò kọjá orí òrùlé. A pariwo! Kò sẹ́ni tó rò ó pé ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ ṣì wà lára sìlíńdà. Bí tibí ṣe ń jò, tọ̀hún ń kún un.

Ọjọ́ kejì, ìjà dé. Bìkan, ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan ṣoṣo tó láyà láti kojú Àgbò, ló gbé Pẹ́pẹ́yẹ tiẹ̀ wá, róbọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ kan báyìí tó ń rìn gbẹ̀ngbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra jù mí o," ni Bìkan wí. "Ìyá mi ò mọ̀ pé mo jáde."

"Sọ fún un kó máa wo ojú ọ̀run, ibẹ̀ ló ti máa rí ẹ!"

Wọ́n yọ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kúrò lára Àgbò, wọ́n ti àwọn róbọ́ọ̀tì méjèèjì sínú àgò. Bàbá Alága gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ fèrè ẹ̀. Agbo dákẹ́ rọ́rọ́.

Ṣìììììì.

Ojú Gbọ́lágadé yí padà. Fèrè dún, ó sáré darí Àgbò síwájú kí afẹ́fẹ́ tó tán. Bìkan náà ti gbọ́. Ó yí Pẹ́pẹ́yẹ, ó fi eré sí i! Àgbò ń lé, Pẹ́pẹ́yẹ ń sá, eruku bo ojú wa.

"Dúró kó o jà! Ojo!"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì ń gbọ́ orin yín lọ́wọ́!"

Wọ́n yí àgò náà títí ilẹ̀ fi fẹ́ gbẹ́. Lẹ́ẹ̀kan, Àgbò ki ìwo bọ abẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ, gbàù! Pẹ́pẹ́yẹ fò, ó dàbí ẹni pé ó ti parí, àmọ́ ẹsẹ̀ ló fi balẹ̀. Ṣììì ń rẹlẹ̀. Ṣìì. Ṣì. Ó dákẹ́.

Ìgbà yẹn ni Pẹ́pẹ́yẹ dúró. Ó yíjú padà, ó ń bọ̀ gbẹ̀ngbẹ̀gbẹ̀ngbẹ̀. Gbọ́lágadé tẹ bọ́tìnnì. Ìwo Àgbò rọra dìde bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní, ó gbọ̀n, ó padà sùn. Pẹ́pẹ́yẹ wọ abẹ́ ẹ̀, ó tì í, ó tì í, ó tì í já sínú kòtò tó wà ní igun àgò, èyí tí ẹni tó bá já sí ti pàdánù. Gbì!

Bàbá Alága fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé Bìkan lọ́wọ́ lójú wa.

"Wọ́n ṣe mí ni!" Gbọ́lágadé ń fò sókè. "Ẹnì kan ló dá ihò sí Àgbò lára lóru!"

Fadérẹra wo kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ Bìkan, ó wá wo ọkọ ẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, kò sẹ́ni tó ṣe yín. Láti àná ni Àgbò ti ń sọ fún yín pé òun ń jò, ariwo yín ló ga ju tiẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ ṣììì nílé, ojú agbo ni yóò ti gbọ́ ọ."

Yéè! Agbo hó! Mo sáré gba ilé lọ kí n lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́, àfi bí mo ṣe dé Bẹẹrẹ tí màmá mi àgbà ti ń fi òwe ọ̀hún bá àbúrò mi wí, ìyẹn tó fẹ́ lọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láìfi orin náà kọ́ra. "Ìwọ ṣáà máa kígbe," ni màmá ń wí. "Ẹni tí kò bá gbọ́ ṣììì nílé, ojú agbo ni yóò ti gbọ́ ọ."