Úmúrà Oṣù Sàfárù

Ọ̀ràn ojú ni ó kó ìdààmú bá Bàrákátù ní ìlú Ìwó, kì í sì í ṣe ojú tirẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ ni. Ojú òsì Ìyá Àgbà Hàbíbátù ti lọ láti ìgbà òjò tí ó kọjá. Ti ọ̀tún nìkan ni ó kù tí ó fi ń dá ẹni tí ó bá wọlé mọ̀, dókítà sì ti la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún wọn pé oògùn tí àwọn ń kán sí i kò lè ṣe ju kí ó dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí ọdún tó yí po, bí ti òsì ṣe lọ ni ti ọ̀tún náà yóò ṣe lọ. Ìyá gbọ́ ọ, kò sunkún. Ìgbà tí wọ́n délé ni ó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàrákátù, n kò bẹ̀ yín ní aṣọ, n kò bẹ̀ yín ní ẹran Iléyá. Kábà tí mo ti ń kọjú sí kírun láti kékeré, ẹ jẹ́ kí n fi ojú mi rí i kí ilẹ̀ tó ṣú mi."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lẹ́nu Bàrákátù mọ́. Ẹ̀wà ni ó ń tà. Nígbà tí ẹ̀wà tuntun bá dé láti òkè Ọya, tí ó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ni ó máa ń rà á. Yóò kó o sí yàrá ẹ̀yìn, yóò da ata gbígbẹ sínú àpò kí kòkòrò má baà mú un, yóò sì jókòó tì í títí ẹ̀wà yóò fi wọ́n lọ́jà. Kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ lórí àsìkò ẹ̀wà. Àmọ́ ẹ wò ó o, obìnrin tí ó gbọ́n tó báyìí gbà pé inú Àwẹ̀ nìkan ni a ń lọ ṣe Úmúrà ní Mọ́kà. Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ tí ó ti lọ, inú Àwẹ̀ ni wọ́n lọ, inú Àwẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Bí ó bá sì ti ro iye tí wọ́n ń gbà nínú Àwẹ̀, owó tí ó ti ń kó jọ kò lè gbé ju ẹnì kan lọ. Ìyá kò kúkú lè dá lọ. Ta ni yóò fà á lọ́wọ́ láàrin èrò?

Bàrákátù ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, Múfútáù ni orúkọ rẹ̀, páànù ìbolé ni ó ń tà. Òun náà ti kó owó Úmúrà tirẹ̀ jọ, ó sì ti rán aṣọ funfun kan tí wọ́n kó iṣẹ́ sí ọrùn àti àyà rẹ̀, ó gbé e kọ́ sínú yàrá, ó ń dúró de Àwẹ̀ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí yóò jọ gbéra. Nígbà tí Iléyá ti kọjá díẹ̀, Bàrákátù bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn jọ lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ Àáfà Bùsárì. Ó ráhùn, ó sì tẹ̀ lé e.

Àáfà Bùsárì kì í pariwo. Ó da yanrin sórí pátákó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kí ó dọ́gba, ó ní kí Bàrákátù fi ìka kàn án kí ó sì sọ ohun tí ó gbé e wá sínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ yanrin náà, ó ń tẹ ojú kan, ó ń tẹ ojú méjì, ó ń pa òmíràn rẹ́ nínú wọn. Ó wò ó pẹ́.

"Ìrìnàjò ni mo rí níbí," ni Àáfà wí. "Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ wà níwájú mi, àmọ́ ẹni tí ó ni ìrìnàjò náà wà nílé. Ojú rẹ̀ ń bá oṣù sáré."

"Ìyá wa ni, Àáfà," ni Bàrákátù dáhùn.

"Àwẹ̀ ni ẹ ń dúró dè. Yanrin kò fi Àwẹ̀ hàn mí. Oṣù Sàfárù ni ó fi hàn mí."

Múfútáù bú sẹ́rìn-ín. "Sàfárù kẹ̀! Àáfà, ẹ má bínú o. Oṣù tí àwọn àgbà àdúgbò wa kì í kó wọ ilé tuntun, tí wọn kì í gbéyàwó, inú rẹ̀ ni kí n wá gbé ìyá mi wọ bàálù?"

"Ànábì fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò sí aburú kankan nínú Sàfárù," ni Àáfà wí. "N kò mọ ẹni tí ó wá kọ́ àwọn àgbà yín." Ó yí ojú sí Bàrákátù. "Àwọn tí wọ́n lọ ṣe Hájì ti ń padà sílé. Tí ó bá fi máa di Sàfárù, yàrá tí ó wà nítòsí mọ́ṣáláṣí ńlá yóò ti ṣófo, àwọn tí ń kó èrò lọ yóò máa wá ẹni tí wọn yóò kó. Nínú Àwẹ̀, gbogbo ayé ni ó ń kọjú síbẹ̀. Owó tí ó gbé ẹnì kan nínú Àwẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹni méjì ní Sàfárù. Bí ẹ bá pa tiyín pọ̀, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ ó lọ. Ìwọ tí o ń ta ẹ̀wà, ìgbà wo ni o máa ń rà á?"

Ojú ti Bàrákátù. Ó tẹ orí ba.

Àáfà wá sọ sàráà tí wọn yóò ṣe. Ó ní kí Bàrákátù ṣí yàrá ẹ̀yìn, kí ó gbé odidi àpò kan jáde nínú ẹ̀wà tí ó ń fi pa mọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n, kí ó sè é, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún àwọn ọmọ ilé kéwú, kí wọ́n sì bá a bẹ Ọlọ́run nítorí ojú ìyá rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti Mọ́kà dé, kí ó má pa àgọ́ sójúde, kí ó má pe olórin. Lẹ́yìn náà ni ó wo Múfútáù.

"Ìwọ, aṣọ funfun kan wà tí o gbé kọ́ tí o kò tíì wọ̀. Fi í fún ẹni tí kò ní aṣọ Jímọ́ọ̀. Kí o sì bá ìyá rẹ lọ."

Múfútáù wo àbúrò rẹ̀ tìkà-tẹ̀gbin. "Ṣé ìwọ ni o sọ fún un?"

"Èmi kọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run gbọ́."

Bí wọ́n ti dé ojú ọ̀nà ni Múfútáù bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ó ní kí ni ó kan yanrin kan aṣọ òun? Ó ní Úmúrà inú Àwẹ̀, ẹ̀san Hájì ni ó ń gbà, gbogbo àáfà ni ó mọ bẹ́ẹ̀. "Èmi ni ọkùnrin. Èmi ni n ó mú ìyá mi lọ, nínú Àwẹ̀, kí gbogbo Ìwó sì rí i. Ìwọ máa lọ ní Sàfárù tìrẹ."

"Ojú wọn ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Bí ó bá lọ kí Àwẹ̀ tó dé ńkọ́?"

"Kò ní lọ. Má fi ẹnu rẹ ṣépè fún ìyá wa."

Bàrákátù padà sílé, ẹ̀rù sì bà á dọ́ba. Ó ti gbọ́ nípa Sàfárù láti ìgbà èwe, a kì í ti inú àwọn nǹkan báyẹn jáde lọ́jọ́ kan. Àwọn obìnrin ọjà tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Bàrákátù, ṣé ẹ fẹ́ lọ bá wọn gbálẹ̀ Mọ́kà ni, tí àwọn èèyàn ti ṣe tán?" Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, inú rẹ̀ kò sì dùn. Nígbà tí ó ṣí yàrá ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sórí àpò tí ó ti dín, èyí tí ó ti tà díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró níbẹ̀, ó rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń yí orí láti wá ife omi tí ó wà níwájú rẹ̀, ó dá àpò náà padà, ó sì wọ́ èyí tí ó kún jáde.

Ó se ẹ̀wà náà, ó fi epo àti àlùbọ́sà sí i, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ ilé kéwú jẹun yó, wọ́n fi ọwọ́ tí epo wà lára rẹ̀ ṣe àdúà, wọ́n sì pariwo "Àmí" débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀ méjèèjì.

Owó tí Bàrákátù ní kò fi bẹ́ẹ̀ tó fún ẹni méjì, nítorí náà ó ta ìyókù ẹ̀wà náà kí ìgbà ọ̀wọ́n tó dé. Ó dùn ún wọ eegun. Nígbà tí Sàfárù yọ, òun àti ìyá rẹ̀ bá àwọn obìnrin kan láti Òṣogbo gbéra. Bàálù gòkè, Bàrákátù di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó ń ka gbogbo àdúà tí ó mọ̀. Bàálù balẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe ẹnikẹ́ni.

Ilé tí wọ́n wọ̀ sí súnmọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá débi pé Ìyá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, ó ń sinmi, ó ń rìn. Ẹni tí ó ń ṣamọ̀nà ní kí wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀ títí òun yóò fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, Bàrákátù kò wo Kábà. Ìyá rẹ̀ ni ó ń wò. Ó rí i tí ó gbé orí sókè, tí ó yí ojú ọ̀tún síwájú, tí ẹnu rẹ̀ sì là.

"Ó dúdú," ni Ìyá wí. "Bàrákátù, ó dúdú ju bí mo ti rò lọ."

Èrò wà níbẹ̀, ibẹ̀ kì í kúkú dá, àmọ́ wọn kò fún ara wọn pa. Bí wọ́n ti ń yí i po, Ìyá ń súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi rí ojú abẹ́rẹ́ lára iṣẹ́ wúrà tí wọ́n kó sára aṣọ tí wọ́n fi bo Kábà. Fìlà ni ó ń kó iṣẹ́ sí nígbà èwe rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí ó kó iṣẹ́ yìí kò kánjú rárá." Ó bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bàrákátù náà sunkún tẹ́rùn.

Wọ́n padà dé, wọn kò pa àgọ́, wọn kò pe olórin. Àwọn tí ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ wá kí wọn, wọ́n mu omi Sàmúsàmú tí ó wá láti Mọ́kà, wọ́n gba èso dàbínù lọ. Lọ́dún yẹn, ẹ̀wà kò wọ́n. Èyí tí ó wá láti òkè Ọya pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, gbogbo àwọn tí wọ́n kó ti wọn pa mọ́ sì tà á ní owó pọ́ọ́kú. Bàrákátù tí ó ti tà tirẹ̀ ṣáájú ni ó fi owó tí ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra tuntun.

Kí Àwẹ̀ tó dé, ilẹ̀ ṣú Ìyá Àgbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó pe Bàrákátù, ó ní kí ó ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí.

Múfútáù lọ nínú Àwẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà ti lọ sókè, tirẹ̀ kò gbé ju òun nìkan lọ, ìyá rẹ̀ sì ṣàdúà fún un pé kí ó lọ ire, kí ó bọ̀ ire. Ilé tí wọ́n kó wọn sí jìnnà, ojú títì ni ó ti kírun lọ́jọ́ tí ó pọ̀ jù, nítorí èrò kò jẹ́ kí ó wọlé. Ó ṣe Úmúrà rẹ̀, Ọlọ́run gbà á, àmọ́ láti orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó ti rí Kábà, láàrin orí àwọn èèyàn. Ó fi eyín wúrà sẹ́nu kí ó tó máa bọ̀. Nígbà tí ó délé, wọ́n pa àgọ́, olórin kọrin, ó wọ aṣọ funfun náà, ó rẹ́rìn-ín fún gbogbo àdúgbò. Ó wá wọlé lọ kí ìyá rẹ̀, Bàrákátù sì wà níbẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó gbàgbé pé ìyá rẹ̀ kò ríran mọ́, ó rẹ́rìn-ín síwájú rẹ̀, ó ń dúró kí ó sọ nǹkan. Ìyá na ọwọ́, ó ń wá ojú rẹ̀, ìka rẹ̀ bọ́ sára eyín náà.

"Kí ni ó tutù báyìí lẹ́nu rẹ?"

"Wúrà ni, Ìyá mi. Láti Mọ́kà."

"Ó dára. Ìwọ náà sọ fún mi, ṣé wọn kò tíì pààrọ̀ aṣọ Kábà? Ṣé iṣẹ́ wúrà yẹn ṣì wà lára rẹ̀ bí mo ṣe rí i?"

Múfútáù kò rí i dé bẹ́ẹ̀. Ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rẹ̀ fún un bí ó ṣe rí, bí ó ṣe dúdú, bí abẹ́rẹ́ ṣe gba ibí tí ó gba ọ̀hún. Ọkùnrin náà gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó sì sunkún nínú aṣọ funfun.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé aṣọ náà lọ bá Àáfà Bùsárì. Ó ní, "Àáfà, ṣé mo ṣì lè ṣe sàráà yẹn?"

Àáfà ní, "O lè ṣe é. Ẹni tí yóò gba aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀, ìhòòhò kò sì tíì tán lára rẹ̀. Ojú ìyá rẹ ni kò dúró dè ọ́."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Hàbíbátù ṣe rí. Bàrákátù gbọ́ sàráà, ó ṣe é, nǹkan rẹ̀ sì gún. Múfútáù gbọ́ tirẹ̀, ó fi í rẹ́rìn-ín, ó ṣe é nígbà tí ó yá, ó sì ń kábàámọ̀ títí di òní. Bí ó bá dé ilé ìyá rẹ̀, yóò jókòó tì í, yóò ní kí ó tún ròyìn Kábà fún òun.