Èéfín Níwájú Ògiri Òfìfo

Ọkùnrin kan wà tí ó ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ó tó fẹ̀yìn tì. Adájọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ kò gbọ́ Yorùbá rárá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ̀rọ̀ títí tí itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀, tí ògbufọ̀ sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo kádìí rẹ̀, adájọ́ á fa gíláàsì ojú rẹ̀ wálẹ̀, á ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?" Ìbéèrè náà wọ ọkùnrin yìí lára. Títí ó fi darúgbó, bí ènìyàn bá ń sọ ìtàn fún un, inú rẹ̀ á máa béèrè bóyá gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún kan ó ṣubú ní balùwẹ̀, ó fi orí gbálẹ̀. Oṣù méjì ni ó lò ní ọsibítù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ mọ ẹni tí ó dúró tì í. Nígbà tí ó fi máa padà sílé, dókítà kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ àti Mosún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí yóò já àyà rẹ̀. Wọ́n gbé àga onítìmùtìmù síwájú tẹlifíṣàn fún un, wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi rímóòtù lé e lọ́wọ́.

Ohun kan ń dùn ún ju orí lọ. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni Ládépò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ládépò ni ẹni tí ó máa ń fa fìlà bo ojú òsì, nítorí àpá kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi òkò dá sí i níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lé ẹyẹ lóko ní kékeré. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ó máa ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, kò yọjú.

"Ó ti lọ sí Àbíjàn lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó ní kí a kí yín."

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó pé oṣù kan tí ó ti wà nílé, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Nígbà tó yá, ó lu ọwọ́ àga, ó ní, "Ẹ sọ fún un pé kí ó kúkú jókòó sí Àbíjàn. Bí mo bá kú, kò gbọdọ̀ dé ibi òkú mi." Ìyàwó rẹ̀ sáré wọ ilé ìdáná. Ọkùnrin náà rò pé ọbẹ̀ ni ó ń jó.

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, kàtúùnù kan máa ń wá lórí tẹlifíṣàn. Àwọn ará Jàpáánì ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sí wọn lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jọ ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ènìyàn kọjá odò ńlá kan. Àwọn ọlọ́ṣà tí ń fi nǹkan bojú fẹ́ gba odò náà lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin náà fẹ́ràn eré yìí nítorí tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí ó wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i.

Ohun tí ó kọ́kọ́ rí ni pé ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń lọ sókè sódò nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tán. Lẹ́yìn náà, àwọn àgbàlagbà mẹ́ta jókòó, wọ́n ń mu nǹkan nínú ife kékeré, wọ́n ní tíì ni. Ojú wọn pọ́n, wọ́n ń so mọ́ ara wọn lọ́rùn, ọ̀kan sì ń kọrin fún òpó. "Tíì wo nìyí?" ni ọkùnrin náà bi ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi í sọ́kàn.

Ọjọ́ tí ó le jù ni ọjọ́ orí afárá. Ẹ̀gbọ́n dúró níwájú ọ̀gá ọlọ́ṣà, idà ti lọ sókè. Ojú kò ì tíì ṣẹ́ tán, a ti wà nínú ilé. Ọmọbìnrin náà jókòó, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, yóò máa kọ lẹ́tà. Àmọ́ aṣọ dúdú ni ó wọ̀. Gbogbo aládùúgbò tí ó wá kí i ni ó wọ dúdú, wọ́n sì tẹrí ba. Níwájú ògiri kan tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀, wọ́n gbé abọ́ ìrẹsì kan kalẹ̀, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń rú níbẹ̀.

"Ta ni wọ́n gbé ìrẹsì fún?" ni ọkùnrin náà wí. "Kí ni wọ́n ń sun níwájú ògiri?"

Láti ọjọ́ náà lọ, ìwà ọmọbìnrin yẹn yí padà. Ó gé irun rẹ̀, ó ń ti ènìyàn, kò kí àgbà mọ́. Inú bí ọkùnrin náà sí i. Ó na rímóòtù sí i, ó ní, "Nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ rìnrìn àjò ni o ṣe di aláìlẹ́kọ̀ọ́?"

Obìnrin kan wà tí ó ń tún fóònù ṣe ní iwájú ilé náà. Ọkùnrin yìí ránṣẹ́ pè é, ó sì ro ẹjọ́ kàtúùnù fún un. Obìnrin náà fi ẹ̀rín ṣe é.

"Bàbá, wọ́n ti gé èyí tí ẹ ń wò. Àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ ni kò fẹ́ kí ó ba àwọn ọmọdé lẹ́rù. Ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, èdè Jàpáánì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, wọ́n wá kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀."

Ó kó o sórí fóònù fífẹ̀ kan fún un. Ọkùnrin náà wá ìwé àti bírò, ó fa ìlà sí àárín ojú ìwé. Ó ń kọ èyí tí a kò gé sí apá kan, ó ń kọ èyí tí a gé sí apá kejì, bí ìgbà tí ó wà ní kóòtù. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi ṣe é. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀, kò ní mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kú lórí afárá. Nínú ojúlówó, àbúrò rẹ̀ gbé e lé ẹsẹ̀, ó sunkún títí, wọn kò fi orin kankan sí i. Àwòrán ẹ̀gbọ́n náà ni ó wà lára ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sun tùràrí níwájú rẹ̀. Àwọn tí ó gé e ti kun ọ̀dà bo àwòrán náà, wọ́n gbàgbé èéfín. Ọmọbìnrin yẹn kò sì yájú sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀fọ̀ ni ó ń ṣe. Ojú ti ọkùnrin náà. Ó sọ fún fóònù pé, "Má bínú, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀ pé: Wọ́n yọ ikú kúrò, ọmọ náà wá dà bí ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́.

Ó pa ìwé náà dé, ṣùgbọ́n ìfura kò bá a dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé ara rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé kò sí àlejò tí ó ń wọlé tààrà, Mosún á kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ó bá ní kí wọ́n pe Àbíjàn, wọ́n á ní kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ọ̀rọ̀ Ládépò tí wọ́n ń mú wá kò sì yí padà rí: ó ní kí a kí yín. Ládépò tí ń kí ewúrẹ́ kí ó tó kọjá lára rẹ̀! Ládépò tí ó lè fi ọ̀rọ̀ òjò nìkan jókòó títí oúnjẹ ọ̀sán á fi jinná!

"Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?" ni ọkùnrin náà wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ wọ ilé kejì lọ. Ọkùnrin náà mú ọ̀pá rẹ̀, ó rọra fa ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Kò mọ ohun tí ó ń wá. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń gbé abọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i wò bí ọlọ́pàá. Ó wá kan abọ́ oníke aláwọ̀ ewé kan tí ó ní ọmọrí. Tuntun ni. Lórí ọmọrí náà, ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ ha ibì kan, ó rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ lábẹ́ àtàǹpàkò.

O mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá kú lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ abọ́, kí àwọn tí ó wá síbi ìsìnkú lè mú un lọ sílé. Wọ́n ti ha àwòrán ti orí abọ́ yìí kúrò. Ṣùgbọ́n abọ́ tó dára ni, kò sì sí ìyá ilé tí ó máa ń ju irú rẹ̀ nù. Ó ku díẹ̀ ní igun kan tí ọ̀bẹ kò dé. Etí fìlà ni, fìlà tí wọ́n fà bo ojú òsì.

Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bá a, abọ́ náà wà lórí itan rẹ̀.

"Ìyá Mosún," ni ó wí, "èyí tí ẹ gé ni ẹ ń sọ fún mi. Sọ èyí tí ẹ kò gé."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ pé ojoojúmọ́ ni Ládépò wà ní ọsibítù ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni. Orí ẹní ni ó ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Òun ni ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, tí ó ń sọ ìtàn ẹyẹ tí wọ́n lé lóko sí i létí, bóyá yóò jí. Ní ogúnjọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wẹ̀ nílé. Ó wẹ̀, ó sùn, kò jí mọ́.

"Ẹ̀rù bà wá kí ẹ má lọ tẹ̀ lé e," ni obìnrin náà wí. "Ẹ dárí jì wá, Baba Mosún."

"Àti gbogbo ohun tí mo sọ sí i ńkọ́?"

Ọkùnrin náà sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n gbé e lọ síbi sàréè. Ó ṣí fìlà, ó jókòó, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òkú kò lè sọ fún un pé òun ti dárí jì í.

Ìwọ náà tí o jókòó síwájú mi láti àárọ̀, o ní kí n bá ọ wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ fún ìyá yín tí ń ṣàìsàn nípa ẹ̀gbọ́n rẹ. O ní ẹ ti fẹnu kò pé ó ti gba iṣẹ́ lókè òkun. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni ó mú ìyàwó ògbufọ̀ gbé ọ̀bẹ. Pe nọ́ọ̀sì kí ó wà nítòsí, jókòó ti ìyá rẹ, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí o sì rọra sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má ha ẹ̀gbọ́n rẹ kúrò. Bí o bá yọ ikú rẹ̀ kúrò nínú ìtàn, ohun tí yóò kù fún ìyá rẹ ni ọmọ kan tí kò bìkítà fún un. Ìwọ fúnra rẹ ni o sọ fún mi pé láti ìjẹta ni ó ti ń béèrè ìdí tí kò fi pè é. Dìde, máa lọ sílé, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkú bínú.