Àpò Ìwé Owó Àlejò

Ọkùnrin kan wà tó kórìíra ìnákúnàá, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń ná an. Awakọ̀ ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ìlú rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ra ata, á béèrè bóyá ata náà kò kéré sí owó rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá gbàgbé iná sílẹ̀ láìpa, á wí títí ẹnu á fi ro ó. Ṣùgbọ́n bí owó oṣù bá ti wọlé báyìí, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran sísun, tí yóò sì ní kí wọ́n gé e kó tóbi. Kí oṣù tó dé ìdajì, ilé á ti gbẹ. Nígbà náà ni yóò wá jókòó, tí yóò máa bi àwọn ará ilé léèrè ohun tí wọ́n fi owó òun ṣe.

Ní ọdún kan, Ìbíwùmí, àkọ́bí rẹ̀, rí ọkọ. Àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá mọ ilé, wọ́n sì dá Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Inú ọkùnrin yìí dùn, àyà rẹ̀ sì tún já. Ó mọ̀ pé bí àwọn àna bá wọlé tí wọn kò rí nǹkan fi sẹ́nu, ọmọ òun ni wọn yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ọkọ. Ó fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Kò fẹ́ kí ojú tì í.

Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì wọn ló sọ fún un nípa ètò àpò ìwé. Ó ní bí owó oṣù bá dé, kí ó pín in sínú àpò ìwé, kí ó kọ iṣẹ́ owó kọ̀ọ̀kan sára àpò rẹ̀, bí àpò kan bá sì ti gbẹ, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó ra àpò ìwé, ó pe gbogbo ilé jọ, ó sì fi báírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà: OÚNJẸ, ỌKỌ̀, ILÉ ÌWÉ, INÁ, OÒGÙN, ÀLEJÒ. Àpò àlejò ló nípọn jù, nítorí àwọn àna.

Ó kó gbogbo rẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ kó tì í mọ́ inú àpótí.

"Owó èyí kò gbọdọ̀ wọ inú ìyẹn," ó wí. "Ìyá Ìbíwùmí, bí mo bá tilẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́, má gbà."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Baba Ìbíwùmí, ṣé ẹ ti ro ti ẹran mọ́ ọn?"

"Ẹran wo? Ta ló ń jẹ ẹran nílé yìí?"

Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn àpò ìwé náà sínú àpótí. Ó ti àpótí rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ kìíní, ọkùnrin náà ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó ń wàásù àpò ìwé fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ rẹ̀, títí kan ọ̀gá rẹ̀, tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kí ó yà sọ́wọ́ òsì. Ṣùgbọ́n nílé, ẹnu rẹ̀ kò yí padà. Bí wọ́n bá bu ẹran kan fún un, á ní kí wọ́n ṣe é ní méjì. Bí wọ́n bá ṣe é ní méjì, á máa wo inú ìkòkò. Báyìí ni àpò oúnjẹ ṣe rọ̀ pẹ̀tẹ̀ bí ewé tí wọ́n ti jẹ ẹ̀kọ inú rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó fi ọwọ́ wá inú ọbẹ̀ yíká, kò bá nǹkan pàdé.

"Ìyá Ìbíwùmí, ẹran dà?"

"Ó wà lọ́jà."

"Owó oúnjẹ ńkọ́?"

"Ẹ ti jẹ ẹ́."

"Àpò àlejò ṣì kún o."

"Owó àwọn àna wa ni. Ẹ̀yin náà lẹ sì ní bí ẹ bá tilẹ̀ kúnlẹ̀, kí n má gbà."

Ọkùnrin náà ti ń gbèrò láti kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó jókòó padà, ó sì jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ bí ẹni ń jẹ ìyà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, kò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bí ó ti máa ń ṣe. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú, ó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, ó sì kan ilẹ̀kùn.

"Àgò onílé o!"

"Àgò yà o." Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó rí ọkọ rẹ̀. "Ṣé kò sí nǹkan, Baba Ìbíwùmí? Kí ló dé tí ẹ ń kan ilẹ̀kùn?"

"Àlejò ni mí," ọkùnrin náà wí. Kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá, ebi sì ń pa mí. Àbí ilé yìí kì í gba àlejò?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó rò pé eré ni. Kí n má sì parọ́ fún yín, òun náà kò fi ẹran kan ẹnu láti ọjọ́ mélòó kan, ó sì mọ̀ pé ohun tí àlejò bá jẹ kù, ti ará ilé ni. Ó ṣí àpótí, ó yọ owó díẹ̀ nínú àpò àlejò, ó sì ra adìẹ.

Ọkùnrin náà jókòó sórí àga tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gùn. Wọ́n gbé omi tútù fún un nínú tíréè. Ó jẹun, ó yó, ó sì ṣàdúrà fún onílé bí àlejò gidi, pé ilé náà kò ní dàrú. Àwọn ọmọ ṣe àmín. Ìyàwó rẹ̀ sìn ín dé ìta, ó ní kí ó bá òun kí ìyàwó rẹ̀ nílé. Ó ní yóò gbọ́. Ló bá yí gba ẹ̀yìnkùlé, ó wọlé, ó sì sùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí kò rú òfin kankan.

Ì bá dára bó bá mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àlejò tún fi dé, ó sì tún padà wá lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀rín ti ń kúrò lẹ́nu ìyàwó rẹ̀.

"Baba Ìbíwùmí, Sátidé mà ń bọ̀ o."

"Àlejò ni mo jẹ́ báyìí," ọkùnrin náà wí. "Bí ọkọ yín bá dé, kí ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ owó."

Nígbà tí ọkọ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ìyàwó bá a sọ ọ́ lóòótọ́. Ọkọ ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé owó oṣù á ti wọlé kó tó di Sátidé, òun á sì dá gbogbo rẹ̀ padà.

Nígbà tí Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù nínú àpò náà kò lè ra ju itan adìẹ àti mínírà kan lọ. Àlejò jókòó sídìí itan adìẹ. Ìyàwó rẹ̀ jáde lọ ra mínírà. Bí ọkùnrin náà ṣe ń gé e jẹ, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ó gbé báàgì dúdú kọ́ apá. Ọkùnrin náà rò pé àwọn tó ń gba owó iná ló rán an wá. Àpò iná kò sì nípọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé baálé ilé wà nílé?"

Ọkùnrin náà wo itan adìẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò sí nílé, mà. Àlejò ni èmi náà."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n dúró dè é díẹ̀." Obìnrin náà jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ṣé ẹ mọ baálé ilé yìí dáadáa?"

Ọkùnrin náà rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò jọ ti owó iná. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa ní kó yin ara rẹ̀ tí yóò kọ̀?

"Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ara mi."

"Irú èèyàn wo ni?"

"Há! Èèyàn gidi ni. Gbogbo owó rẹ̀ ló wà nínú àpò ìwé, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó lè tàn án kó ná kọ́bọ̀."

"Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ńkọ́?"

"Kò tiẹ̀ kà á sí. Ẹran kò jẹ ẹ́ lógún rárá." Eegun ló ń fà mu bó ṣe ń sọ ọ́.

"A dúpẹ́," obìnrin náà wí. "Irú ilé tí à ń wá nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé ọkùnrin náà. Kó tó béèrè, ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú mínírà, ó ní, "Àlejò wa, ẹ má bínú, mo pẹ́." Ìbíwùmí tó ti ibi iṣẹ́ dé tẹ̀ lé e wọlé. Bó ṣe rí obìnrin náà, ó kúnlẹ̀.

"Màmá! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ń bọ̀." Ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Bàbá mi, ẹ kú ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá àfẹ́sọ́nà mi nìyí. Àwọn ló tọ́ ọ dàgbà."

Ìwádìí ni obìnrin náà bá wá, bí àwọn ẹbí ti máa ń ṣe kí wọ́n tó fẹ́ ọmọ onílé. Ó fẹ́ rí ilé náà kí wọ́n tó tún un ṣe de òun.

"Ìbíwùmí," ó wí, "ta lo pè ní bàbá?"

Ọmọ náà nawọ́ sí ọkùnrin náà. Itan adìẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Ẹ ní baálé ilé kò sí nílé."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ọ̀rọ̀ àpò ìwé ni."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ṣàlàyé bí àpò oúnjẹ ṣe gbẹ, bí àpò àlejò ṣe kún, àti bí òun ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i. Ìyàwó rẹ̀ doríkodò. Ìbíwùmí wò ó, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá mi, owó àwọn àna mi lẹ jẹ?"

Kò sí ọ̀rọ̀ tó dun ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀. "Ẹni tó lè ní òun kọ́ lòun nítorí adìẹ, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí," ó wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ṣẹ̀ wá. A ń bọ̀ ní Sátidé. Kí ẹ má ṣe wàhálà oúnjẹ. A ó gbé tiwa dání."

Bó bá bú u ni, ì bá sàn fún un.

Sátidé pé, owó oṣù kò tíì wọlé. Àwọn àna dé, wọ́n gbé kúlà ìrẹsì àti kúlà adìẹ sọ̀kalẹ̀, wọ́n kó abọ́ dání, wọ́n tilẹ̀ ru omi. Àwọn ará àdúgbò dúró, wọ́n ń wo oúnjẹ àna tó ń wọlé dípò kó máa jáde. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló bu oúnjẹ. Ó gbé itan tó tóbi jù síwájú ọkùnrin náà nínú pálọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ jẹun o, àlejò wa."

Gbogbo àwọn àna bú sẹ́rìn-ín, nítorí ó ti ròyìn fún wọn nínú ọkọ̀. Ìbíwùmí náà rẹ́rìn-ín, a dúpẹ́. Ọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ni yóò tún ṣe? Ṣùgbọ́n ó rọra ti ẹran náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ìyẹn ni ẹran àkọ́kọ́ tó fi sílẹ̀ nínú abọ́ láti ìgbà tó ti dáyé.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, mo mọ̀ pé o ti ra àpò ìwé tìrẹ, o sì ti kọ nǹkan sí i lára. Ó dára. Ṣùgbọ́n àpò ìwé kò lọ́wọ́ tí yóò fi dì ọ́ mú. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ bá fẹ́ wọ inú èyí tí kì í ṣe tìrẹ, wàá wá orúkọ fún un: wàá ní ṣe lo yá a, wàá ní ọ̀ràn pàjáwìrì ni, wàá ní wàá dá a padà. Gbàgbé orúkọ wọ̀nyẹn. Dúró níwájú àwọn ará ilé rẹ, kí o sì sọ ọ́ jáde pé, "Èmi baálé ilé yìí ni mo fẹ́ jẹ owó ọmọ mi." Bí ẹnu rẹ bá gbà á sọ, máa jẹ ẹ́. Bí kò bá gbà á sọ, ti àpótí náà padà.