Ohun Tó Wà Nídìí Pátákó Orímisàn

Ẹni tí kò bá dé etíkun wa rí, bó bá gbọ́ tí àgbàlagbà ń là tọkọtaya níjà, tó wá ń sọ fún ọkọ pé, "Kí o tó bá òkun jà, yí pátákó rẹ dojú dé," yóò rò pé àgbà náà ti mutí yó ni. Ta ní ń bá òkun jà? Kí ni pátákó wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya? Wọ́n ti bi mí títí, ó ti sú mi. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ṣojú mi kòró, ẹnu ṣì ń yà mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Apẹja ọmọ apẹja ni Orímisàn, òun ló sì kọ́kọ́ ní pátákó abìyẹ́ létíkun yìí. Pátákó tí àwọn ọmọ fi ń gun ìgbì náà ni, àmọ́ òpó irin kan wà nídìí tirẹ̀, ìyẹ́ méjì sì wà lẹ́sẹ̀ òpó náà: ńlá níwájú, kékeré lẹ́yìn. Bí ìgbì bá ti tì í, ìyẹ́ á gbé e, pátákó á kúrò lójú omi pátápátá, ẹni tó dúró lórí rẹ̀ á máa fò lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ju agbọ̀n ẹja mi sílẹ̀, mo sá!

Ìyẹ́ ńlá ló ń gbéni sókè, kékeré ẹ̀yìn ni kì í jẹ́ kí imú pátákó rì. Téèyàn bá sún òpó síwájú díẹ̀, á tètè gbéra. Tó bá sún un sẹ́yìn, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ó gba sùúrù. Orímisàn mọ̀ ọ́n tún ṣe, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìjánu. Tó bá jáde nínú omi, á ní, "Ẹ bi òkun léèrè, ó mọ̀ mí!"

Ọdún yẹn ni Ìbíyẹmí, ìyàwó rẹ̀, bí àkọ́bí wọn, Ìtúnú. Ìyá Ìbíyẹmí sọdá ọ̀sà wá wẹ ọmọ. Ìyá jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Àsìkò yẹn náà ni ìdíje ńlá bọ́ sí, àwọn tó ń gun ìgbì wá láti etíkun káàkiri. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Orímisàn tú pátákó rẹ̀ palẹ̀, ó fọ iyọ̀ òkun kúrò lára rẹ̀, ó sì tún un tò. Bó ṣe ń tò ó ló ń fọ́nnu fáwọn àlejò, ojú rẹ̀ ò sí níbi ohun tọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣe.

Ilẹ̀ mọ́, ó bọ́ sómi. Ìgbì dé, imú pátákó rì, ó fojú lu omi. A rò pé àṣìṣe ni. Ó jáde, ó sún òpó síwájú, ó padà. Imú tún rì. Ó sún un síwájú débi tó lè dé. Lọ́tẹ̀ yìí pátákó fò sókè bí ewúrẹ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lù, ó sì gbé e sọ sínú ìyanrìn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú òkun. Ó ń fẹsẹ̀ gbá omi, ó ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Kásìmáwò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ní, "Orímisàn, yí pátákó yẹn dojú dé ná, ká wo ìdí rẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Ọwọ́ ara mi ni mo fi dè é! Kò sọ́wọ́ míì tó kan nọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀. Ejò lọ́wọ́ nínú!"

Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti bá ìyá ìyàwó rẹ̀, tó pọn Ìtúnú sẹ́yìn, tó wá wòran àna rẹ̀. Nílé apẹja, obìnrin kì í ré àjẹ̀ tàbí àwọ̀n kọjá, èèwọ̀ ni. Orímisàn nawọ́ sí i. "Ìwọ ìyá yìí! Ìwọ lo ré pátákó mi kọjá níbi tó o ti ń sá aṣọ ọmọ! Àjẹ́ ni ọ́!"

Háà! "Ìwọ", sí ìyá ìyàwó! Àjẹ́, sí ẹni tó ń wẹ ọmọ rẹ̀!   Màmá ní, "Èmi, Orímisàn? Èmi?"

 Orímisàn sáré wọ ilé rẹ̀ tó wà létí omi níbẹ̀, ó gbé báàgì màmá jáde, ó jù ú sórí ìyanrìn níṣojú gbogbo wa. Ìbíyẹmí tẹ̀ lé e jáde. "Bàbá Ìtúnú, ṣé ìyá mi lẹ ń lé?"

"Kó máa lọ!"

"Ó dáa. Ibi tó bá ń lọ, ibẹ̀ lèmi àtọmọ mi ń lọ."

A bẹ Ìbíyẹmí, kò gbọ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ṣí. Ìgbà yẹn ni Kásìmáwò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó yí pátákó dojú dé láìsọ̀rọ̀. Gbogbo wa rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ìyẹ́ kékeré ẹ̀yìn, òdì ni wọ́n dè é! Ojú tó yẹ kó kọ sókè ló kọ sísàlẹ̀. Báwo ni imú ò ṣe ní rì?

Kásìmáwò ní, "Ìwọ lo sọ pé kò sọ́wọ́ míì tó kàn án."

Orímisàn wo ìyẹ́ náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó sáré wọnú omi, ó ń pe Ìbíyẹmí. Ọkọ̀ ti jìnnà.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó àgbààgbà sọdá ọ̀sà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú màmá. Màmá jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dìde. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n gbangba etíkun lo ti pè mí ní àjẹ́. Ṣé inú yàrá lo fẹ́ ti gbà á padà?"

 Nígbà tí èrò tún pé létíkun, Orímisàn gbé pátákó rẹ̀ sórí, ìdí rẹ̀ kọ sókè, ó lọgun: "Ọwọ́ mi ló de ìyẹ́ yìí sódì! Ìyá ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan! Ẹ̀yin èèyàn, kí ẹ tó bá òkun jà, ẹ yí pátákó yín dojú dé!" Ó ń sọ ọ́, ó ń sunkún. Màmá wà nínú ọkọ̀ lẹ́bàá èbúté, ó ń gbọ́.

Ìbíyẹmí padà sílé ọkọ, màmá náà padà wá wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí pátákó yẹn bá ti wà ní àgbàlá, màmá á yà, á rìn yí ilé ká kó tó dé ìdí omi, ì báà jẹ́ òjò ló ń rọ̀. Orímisàn á sáré gbé pátákó kúrò, á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ibí." Màmá á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Ó lè tún bàjẹ́ lọ́la."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ọ̀mùtí. Ìwọ tó ń wá ẹni tí wàá di ẹ̀bi lé lórí, kí o tó bá òkun jà, yí pátákó rẹ dojú dé.