Àwẹ̀ró àti Adìẹ Tó Sàba Nígbà Ọyẹ́

"Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Kò sí ilé tí wọn kì í ti í pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ta ni nínú yín ló ti rí òógùn adìẹ rí? Ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, tó wá ròyìn fún aráyé? Ọmọbìnrin kan ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló sì gbé ọwọ́ rẹ̀ débẹ̀.

Ní ìlú Òkè-Ìyeyè, bí wọ́n bá ti fẹ́ ọmọbìnrin sọ́nà, ìyá ọkọ a gbé àgbébọ̀ kan àti ẹyin mọ́kànlá fún un nígbà tí ọyẹ́ bá ń wọlé. Ìyàwó ni yóò tọ́jú adìẹ náà títí yóò fi pamọ. Òròmọdìẹ tó bá la ọyẹ́ já ni tọkọtaya yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn tiwọn, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti rọ̀, ìyàwó ń lọ ilé ọkọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin bá dá adìẹ padà, ẹnìkan kì í tún béèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti kọ ọkọ náà nìyẹn.

Àwẹ̀ró, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ni wọ́n gbé adìẹ fún lọ́dún tí à ń wí yìí. Láyíwọlá ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó ga, ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni fi àdín pa á, ẹyinjú rẹ̀ sì lè mú kí ọmọge gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ẹnu rẹ̀ ni wàhálà. Ìbídùn, ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró, ní àfẹ́sọ́nà tó máa ń ki oríkì rẹ̀ láràárọ̀, tó máa ń ní eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Láyíwọlá ní tirẹ̀, ọrọọrún ló ń wá. Á jókòó, á ká apá mọ́ àyà, á wo ojú ọ̀run, á ní, "Ọyẹ́ yìí mú." Ó di kó máa lọ nìyẹn.

Ìbídùn sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. "Àwẹ̀ró, ṣé ọkọ rẹ ti wá? Mi ò mọ̀ bóyá kí n da aṣọ bora lónìí."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lára.

Adìẹ náà kò sì ràn án lọ́wọ́. Ó sàba sí igun ilé ìdáná, kì í kígbe, kì í rìn. Àwẹ̀ró á da àgbàdo lílọ̀ síwájú rẹ̀, á fi ẹní àlòkù dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, adìẹ á kàn máa wò ó. Ogún ọjọ́ kọjá bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ náà dà bí ẹni tó ni ọ́," ni Àwẹ̀ró wí fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ẹ kàn mọ̀ ọ́n jókòó ni."

Láyíwọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Ó ti ká apá, ó ti sọ pé ọyẹ́ mú. Àwẹ̀ró wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí kùrukùru fi gbé e mì, omijé sì lé ròrò sí i lójú. Báwo ni òun yóò ṣe bá ẹni tí kò fẹ́ràn òun gbé dọjọ́ alẹ́? Ó gbé àgò tí a fi ń gbé adìẹ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ adìẹ kí ó lè gbé e, kí ó dá a padà.

Ọwọ́ náà dúró síbẹ̀. Abẹ́ ìyẹ́ gbóná bí àyà ẹni tó sáré dé. Igbá àyà adìẹ ti pá. Ó ti fi ẹnu tu ìyẹ́ ibẹ̀ sínú ìtẹ́, kí ara rẹ̀ lè kan ẹyin. Egungun ni ọwọ́ bà. Adìẹ tó rí rìbìtì lójú fúyẹ́ bí akèrègbè òfìfo. Nígbà tí Àwẹ̀ró fa ọwọ́ yọ, ọwọ́ náà tutù rinrin.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Láyíwọlá wọlé bá a. Ó rí àgò, ó rí omijé, ó ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan.

"Ìyá, ẹ káàbọ̀," ni Àwẹ̀ró wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ara adìẹ yìí gbóná, omi sì tún wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ṣé kì í ṣe àìsàn?"

"Àìsàn kẹ̀? Iṣẹ́ ni. Adìẹ ń làágùn, ìyàwó mi, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Ìyá fa àpótí, ó jókòó. "Mo bí ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ, ṣùgbọ́n mi ò ní dijú kí àgò gbé ìyàwó mi lọ. Láti ìgbà tí odò wa ti gbẹ, ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ló ti ń pọn omi tó fi ń po amọ̀. Ó ti mọ yàrá méjì nínú ilé tí ẹ ó jọ máa gbé. Ó ní fèrèsé tìrẹ gbọ́dọ̀ kọjú sí ilé bàbá rẹ, kí àárò ilé má baà pa ọ́."

Bí Àwẹ̀ró ti ń nu omijé nù ni nǹkan kan ké "píyọ́" lábẹ́ adìẹ. Àwọn kan ní omi ara òròmọdìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ló kàn án lọ́wọ́, kì í ṣe òógùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Nígbà tí ọrún pé, Láyíwọlá dé, ó jókòó, ó ká apá. Àwẹ̀ró tú apá náà, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Wọ́n ti sán, amọ̀ sì wà nínú gbogbo ojú ilà wọn. Ọkùnrin náà fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Àwẹ̀ró kò fi í sílẹ̀. Láyíwọlá wá wo ojú ọ̀run.

"Ọyẹ́ yìí mú," ó wí.

"Mo gbọ́," ni Àwẹ̀ró dáhùn. Títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó dùn jùyẹn lọ. Òròmọdìẹ mẹ́sàn-án ló la ọyẹ́ já, àwọn ni wọ́n sì tẹ̀ lé e wọ ilé amọ̀ náà.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń ṣe làálàá tí kò pariwo, tí àwọn èèyàn wá ń pè é ní ọ̀lẹ tàbí aláìbìkítà, wọn a ní kí á má fi ojú wò ó lásán. Wọn a ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀, kó rọra fọwọ́ kàn án.