Ìdí Tí Fàdákà Fi Ń Já Ọmọ Gbà Lọ́wọ́ Omi

Nígbà tó ti pẹ́ gan-an, nígbà tí àwọn irin ṣì ń gbé agboolé bí ènìyàn, Fàdákà ló ní ọ̀nà tó yá jù láyé. Bí Iná bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, àárín ilé Fàdákà ló máa ń gbà. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á gba iṣẹ́ náà, wọ́n á sáré láti ilé kan dé èkejì, iṣẹ́ á sì ti dé kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Àwọn Fàdákà pọ̀ nínú agboolé kan tí wọ́n ń pè ní Ìsàlẹ̀ Àpáta. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú wọn, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí bá jù. Ó bí ọmọ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n méjì la máa dárúkọ. Ìrìnkèrindò kì í gbélé, ojú ọ̀nà ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń sùn. Dúrótìmí ní tirẹ̀ kì í kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e rí.

Àṣà kan wà láàárín àwọn irin ọlọ́lá. Bí àlejò bá wọlé, wọ́n á tẹ́ ẹní fún un, wọ́n á sì gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀ kó máa ṣìkẹ́ rẹ̀. Èèwọ̀ ni kí onílé gba ọmọ náà padà. Àlejò ló máa ń fúnra rẹ̀ dá a padà nígbà tó bá dìde. Àṣà dáadáa ni, torí gbogbo àlejò ló máa ń dìde.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ Fulọrínì, ẹ̀yà afẹ́fẹ́ kan tó máa ń jẹ nǹkan run, ya wọ Ìsàlẹ̀ Àpáta, méjì méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n pọ́n bí ìyeyè, wọn kì í sì í rí ọmọ ọlọ́mọ kí ọwọ́ wọn má yún wọn.

"Àbúrò mi, ti ilẹ̀kùn rẹ," ni Wúrà sọ láti òdìkejì ọgbà. "Àwọn yìí wọ ilé Gíláàsì lọ́jọ́sí, wọ́n jẹ ògiri rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, Gíláàsì kì í ṣe ẹgbẹ́ wa," ni Fàdákà dáhùn. "Ẹ kàn máa wò mí."

Fulọrínì ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ilé o, Màmá. A gbọ́ pé kò sí ẹni tó ń ṣe àlejò bíi tiyín."

Orí Fàdákà wú. Ó gbé Ìrìnkèrindò lé e lẹ́sẹ̀.

Fulọrínì àbúrò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó fajú ro. "Màmá, tèmi ńkọ́? Ṣé èmi kì í ṣe àlejò ni?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí kì í lọ sọ́dọ̀ àlejò."

"Kò burú." Ó mí kanlẹ̀ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "A ó kàn sọ nílé pé a dé ilé ọlọ́lá kan tí ọmọ ti tán níbẹ̀."

Fàdákà gbójú sókè, ó rí Wúrà tó ń rẹ́rìn-ín lórí ọgbà. Ojú tì í. Ó tú ọ̀já, ó gbé Dúrótìmí lé e lẹ́sẹ̀, ó sì gbé iṣu síwájú wọn.

"Bó o bá ti jẹ iṣu tán, kó o dìde," ni ó sọ.

"Mo ti dìde tán, Màmá," ni Fulọrínì àbúrò sọ, ó sì jókòó dáadáa.

Àwọn ọmọ Fulọrínì náà ò tilẹ̀ jókòó bí ọmọlúàbí. Igun ẹní ni wọ́n wà, ìdajì ìdí lórí ẹní Fàdákà, ìdajì kejì lórí ẹní Fàdákà aládùúgbò, kí wọ́n lè jẹun nílé méjì. Àwọn àlejò aládùúgbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wo ẹní Fàdákà á rí àlejò mẹ́rin ní igun mẹ́rin, pẹ̀lú ìdajì ìdí mẹ́rin péré.

Iṣu tán, wọn ò dìde. Fàdákà gbálẹ̀ dé abẹ́ wọn, wọ́n gbẹ́sẹ̀ sókè. Ó da ata síná, wọ́n sín, wọ́n ní ọbẹ̀ náà á dùn. Ó ní ilé wọn ń jó, wọ́n ní inú iná ni wọ́n bí àwọn sí.

Inú bí i, ó fa ẹní. Àfi bí aládùúgbò náà ṣe fa tirẹ̀ lákòókò kan náà. Ẹní wọn ká kóró, ó yọ gọ́ngọ́ níbí, ó wọlé lọ́hùn-ún, àlejò ò sì mira.

Iná dé pẹ̀lú iṣẹ́, kò rí ọmọ kankan lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ àlejò ló nà kalẹ̀. Ó fi ooru ta wọ́n lára. Ọmọ kan fò dìde lẹ́sẹ̀ àlejò, ó sáré díẹ̀, wọ́n tún fà á jókòó. Ọ̀nà náà ò ṣí, kò sì tì.

Dúrótìmí wà níwájú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ò sì lè fọwọ́ kàn án. Ó dun Fàdákà wọra. Ó sunkún títí dídán rẹ̀ fi ṣí, tó di pupa rẹ́súrẹ́sú bí eruku ọ̀nà oko.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Omi wá kí i, ó pọn ọmọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Dúrótìmí. Ọmọ á padà sọ́wọ́ yín."

Fàdákà wo ọmọ ẹ̀yìn Omi. Ó ronú nípa àṣà. Àṣà ní kí onílé má gba ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ tí àlejò pọ̀n wá. Ó bá na ọwọ́, ó já ọmọ náà gbà, ó sì dì í mọ́ra pẹ̀lú ọ̀já. Omi hó yaya, èémí rẹ̀ já jáde lójú fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà ni Fàdákà tó gba Fulọrínì méjì lálejò ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ẹní ilé rẹ̀ ká kóró ní ìpele ìpele, tí ọ̀nà rẹ̀ ò ṣí tí kò sì tì. Láti ọjọ́ náà náà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ sínú agolo gbígbẹ, tí wọ́n ń dé e pinpin, torí pé ó máa ń já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá súnmọ́ ọn, kò sì tíì rí èyí tó jọ Dúrótìmí.